Irú ìlanilọ́yẹ̀ wo ló ń dín àbùkù tí wọ́n ń fi kan alárùn ọpọlọ kù jù?

Èyí tí ẹni tó ti ní àrùn náà rí, tí ara rẹ̀ ti yá, bá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ìwé ìléwọ́ àti ìkéde rédíò nìkan kì í tó.

Ní ìlú bíi Ògbómọ̀ṣọ́, ìpàdé àwọn ọlọ́jà tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ dáa fún un. Kí ẹni náà sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ (àìróorunsùn, gbígbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́), oògùn tó ń lò àti iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí. Kí nọ́ọ̀sì wà níjòkòó, kí àyè ìbéèrè sì gùn ju àsọyé lọ, torí ibẹ̀ ni "Ṣé kì í ràn?" àti "Ṣé iṣẹ́ ayé kọ́?" ti ń jáde. Kí wọ́n dárúkọ ibi ìtọ́jú, bíi UCH n'Ìbàdàn.

Àwòrán ẹni tó wà níhòòhò lójú títì ló ń ba irú ètò yìí jẹ́: ẹ̀rù ló ń dá sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń ṣe é ní 10 Oṣù Kẹwàá nìkan, ọjọ́ ìlera ọpọlọ lágbàáyé, ipa rẹ̀ kì í pẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀ dáadáa kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ní gbangba.