Èsì: Ṣé kí wọ́n fagi lé eré náà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá ó yẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nítòsí yín ní Ìjẹ̀bú-Òde fagi lé eré táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ṣe, torí ó bẹnu àtẹ́ lu wòlíì àti àáfà, ọmọbìnrin kan á sì tún gbé ẹní Agẹmọ, òrìṣà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tó máa ń fi ẹní bora jáde, wọ̀.

Kí wọ́n má fagi lé e. Wòlíì èké ti pẹ́ lórí ìtàgé wa: Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà Rẹ́mọ, kọ The Trials of Brother Jero, wọ́n sì ṣe é n'Ìbàdàn lọ́dún 1960. Abala 39 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tí òṣèré bá tẹ Bíbélì tàbí Kùránì mọ́lẹ̀ torí kí èrò lè pariwo, ẹ rántí abala 204 nínú Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn: ẹ̀wọ̀n ọdún 2 wà níbẹ̀.

Ti Agẹmọ ló ká mi lára jù. Bí Agẹmọ 16 bá ń lọ sí Ìmọ̀sàn, ìlú tí wọ́n ti ń ṣọdún wọn, obìnrin kò gbọdọ̀ wò ó. Ìyá mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì gidi, á ti ilẹ̀kùn, á tún fa kọ́tìnnì. Ọ̀pọ̀ ló ń gbèjà Jésù àti Ànábì nínú ọgbà ilé ìwé. Ta ló ń gbèjà àwọn alágẹmọ? Kí wọ́n rán ẹ̀wù mìíràn fún ọmọ náà, kí wọ́n yọ orúkọ Agẹmọ kúrò, kí wọ́n sì pe pásítọ̀, lèmọ́ọ̀mù àti àwọn alágẹmọ wá wo ìgbáradì ṣáájú.