Ṣé ọjọ́ orí mi àti ìwé tí mo kà ló máa pinnu bóyá òwò mi á pẹ́?

Ìbéèrè: Obìnrin ẹni ọdún 47 ni mí. Iṣẹ́ akáǹtáńtì ni mò ń ṣe látìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì. Mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé. Àwọn kan ní mo ti dàgbà jù, àwọn míì ní òwò obìnrin kì í pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ní ìwé tí mo kà á gbà mí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ọjọ́ orí kúrò nílẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ wò, àwọn èèyàn náà sì lé ní mílíọ̀nù 2. Nínú àwọn iléeṣẹ́ tó yára dàgbà jù lọ, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn tó dá wọn sílẹ̀ jẹ́ 45. Ìdàgbà iléeṣẹ́ ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe pípẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó tó láti pa ẹni tó bá ní ẹ ti dàgbà jù lẹ́nu mọ́. Ohun míì wà nínú ìwádìí yẹn tó kàn yín jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn tó ti ṣiṣẹ́ rí nínú irú òwò tí wọ́n dá sílẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tó jẹ́ àlejò níbẹ̀. Ẹ mọ ìwé owó dunjú. Aṣọ ọmọdé ńkọ́? Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń kó o lọ́pọ̀, oṣù tí ọjà rẹ̀ ń yá, àti irú èyí tó máa ń kù sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní rà mọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí fún yín.

Ní ti òwò obìnrin, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Òótọ́ ni pé nínú ọ̀pọ̀ ìṣirò, òwò obìnrin kéré ju ti ọkùnrin, ó sì ń tètè kógbá wọlé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi obìnrin àti ọkùnrin tí owó ìbẹ̀rẹ̀ wọn dọ́gba, tí irú òwò wọn jọra, wé ara wọn, ìyàtọ̀ náà máa ń dínkù gan-an. Owó kékeré ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń bẹ̀rẹ̀, ìtọ́jú ọmọ àti àgbàlagbà sì ń gba àkókò lọ́wọ́ wọn. Títí di 1988, òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣì ń béèrè pé kí ìbátan tó jẹ́ ọkùnrin bá obìnrin fọwọ́ sí ìwé kó tó rí owó yá fún òwò. Owó ìbẹ̀rẹ̀ yín ni kí ẹ bi ara yín léèrè.

Ìwé kíkà wúlò: ó ń jẹ́ kí èèyàn mọ èrè yàtọ̀ sí owó tó kàn ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè rí iṣẹ́ gidi níbòmíì kì í fara da òwò tí kò mówó wọlé pẹ́, ó máa ń tì í. Nítorí náà, ẹ má ka gbogbo òwò tó bá dáwọ́ dúró sí ìjákulẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 2 nínú òwò tuntun 10 ló ń kógbá wọlé kí ọdún kan tó pé, tó bá sì fi máa di ọdún márùn-ún, nǹkan bí ìdajì ló ti lọ. Àwọn tó fẹ̀yìn tì tàbí tí wọ́n rí iṣẹ́ tó dára jù wà nínú wọn.

Gbogbo àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó wo oníbàárà. Ọjọ́ orí àwọn tó máa rajà lọ́wọ́ yín lè pa òwò tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe. Lọ́dún 2024, iléeṣẹ́ Oji Holdings ní Japan kéde pé òun ò ní ṣe ìlédìí ọmọ ọwọ́ fún ọjà abẹ́lé mọ́, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ń dínkù lọ́dọọdún. Ìlédìí àwọn àgbàlagbà ni wọ́n gbájú mọ́. Ìmọ̀ wọn ò tán, owó wọn ò tán; àwọn ọmọ ló ń tán. Iléeṣẹ́ ńlá ráyè yí ọjà padà, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti fi gbogbo owó rẹ̀ kó aṣọ ọmọdé kì í sábà ráyè bẹ́ẹ̀. Bákan náà, tí iye ọmọ bá ń pọ̀ sí i ní orílẹ̀-èdè àmọ́ tí àwọn òbí ń kó kúrò ní àdúgbò yín, iye ti gbogbo orílẹ̀-èdè lè tan yín jẹ. Àwọn ọmọ àdúgbò yín ni kí ẹ kà.

Ẹ wádìí iye ọmọ tuntun tí àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó yí yín ká gbà lọ́dọọdún láti bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ bẹ ẹni tó ń ta aṣọ ọmọdé pé ẹ fẹ́ máa bá a dúró tà lọ́jọ́ tí ẹ ò bá lọ síbi iṣẹ́, ó kéré tán fún oṣù mélòó kan. Kí ẹ sì ṣírò iye oṣù tí ilé yín lè fi jẹun láìmú kọ́bọ̀ nínú òwò náà. Tí kò bá tó ọdún kan, mi ò ní gbà yín níyànjú láti bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni, títọ́jú ìwé owó fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ẹ ti ní ìrírí ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀, owó tó ń gbà láti bẹ̀rẹ̀ ò sì pọ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ aṣọ ọmọdé lọkàn yín fẹ́, ẹ má tíì fiṣẹ́ sílẹ̀ títí ẹ ó fi mọ iye ọmọ tí àwọn iléèwé yẹn ń gbà.