Èsì: Ìdí tí bàbá yín àgbà fi dìbò l'Ékòó ní 1923

Ẹ kú ìwádìí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní bàbá yín àgbà dìbò ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́dún 1923, àmọ́ àbúrò rẹ̀ ní Abẹ́òkúta kò dì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìran. Òfin Clifford ti 1922, ìyẹn òfin ìṣèjọba tí Gómìnà Hugh Clifford gbé kalẹ̀ fún Nàìjíríà, fún ìlú méjì péré láyè ìbò sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin: Èkó yan aṣojú 3, Kàlàbá yan 1.

Ká ní àbúrò yẹn ti kó wá sí Èkó, tó gbé ibẹ̀ fún ọdún kan, tó ti pé ọmọ ọdún 21, tówó tó ń wọlé fún un lọ́dún sì tó £100, òun náà ì bá dìbò. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn nígbà yẹn! Níbo ni apẹja ti fẹ́ rí i? Ti obìnrin ló ń dùn mí jù: ìyálọ́jà ìbáà lówó ju akọ̀wé lọ, wọn ò kà á kún olùdìbò.

Nítorí náà, ìwé owó oṣù bàbá yín àgbà ni kí ẹ wá, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá owó rẹ̀ tó £100 náà. Mo rí irú rẹ̀ nínú àpótí bàbá tiwa: pélébé, wọ́n ká a sí mẹ́rin, yíǹkì rẹ̀ ti pọ́n bí omi obì.

Ẹgbẹ́ òṣèlú Herbert Macaulay, NNDP (Nigerian National Democratic Party), ló kó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó lọ́dún náà.