Kí ẹ tó da àwòrán 1.5T àti ti 3T pọ̀

Ìbéèrè yín ni pé ẹ ní àwòrán ọpọlọ tí ẹ ti fi ẹ̀rọ MRI 1.5T (T ni tẹ́sílà, ìwọ̀n agbára òòfà ẹ̀rọ) yà sílẹ̀, 3T tuntun sì ti dé, ṣé ẹ lè kó méjèèjì sínú ìwádìí kan ṣoṣo. Ẹ lè kó wọn pọ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, àwọn wo ló wọ ẹ̀rọ wo? Ibẹ̀ ni mo ti jìyà tèmi.

Àwọn aláìsàn wa ti wọ 1.5T tán kí ẹ̀rọ tuntun tó dé. Nígbà tí a wá ń wá àwọn tí ara wọn dá láti fi wọ́n wé, 3T ló wà ńlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. A ki àwòrán bọ FreeSurfer, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn ọpọlọ, ó wọn cortex, ìyẹn ìpele grẹ́è tó bo ojú ọpọlọ, bó ṣe nípọn tó, ti àwọn aláìsàn sì fẹ́lẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ káàkiri ọpọlọ, lọ́tùn-ún lósì. Inú wa dùn, a ti ń kọ àbájáde. “Káàkiri” yẹn ló yẹ kó fu mí lára, nítorí àìsàn tí à ń wádìí kì í mú gbogbo ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa ló tú àṣírí. Mo ń fi àwòrán hàn án lójú kọ̀ǹpútà, àmì pupa fún aláìsàn, àmì búlúù fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ẹ̀rọ pín àwọ̀ yẹn, ẹ má fi àìsàn pín in mọ́.” Mo ṣe é. Kò sí àmì kan ṣoṣo tó yí àwọ̀ padà.

Mo sáré gbé ComBat, ọgbọ́n ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ jíìnì kọ́kọ́ ń lò, láti yọ ti ẹ̀rọ kúrò. Ìyàtọ̀ wá pòórá pátápátá. Ó máa pòórá náà ni: bí ẹ̀rọ àti àìsàn bá ti di nǹkan kan, ẹ ò lè yọ ọ̀kan kí èkejì ṣẹ́kù. Ọdún kan gbáko ló bá a lọ.

Ohun tó ń fà á kò ṣòro. Bí agbára òòfà bá di ìlọ́po méjì, ariwo inú àwòrán máa ń dín kù, ìyẹn sì dáa. Àmọ́ T1 (àkókò tí ẹran ara fi ń padà sípò lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ta á jí) náà máa ń gùn sí i, nítorí náà ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín apá grẹ́è àti apá funfun ò rí bákan náà mọ́. Ìmọ́lẹ̀ yẹn sì ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tó máa fa ààlà sí. Bí ààlà bá sún díẹ̀ péré, ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí cortex fúnra rẹ̀ kì í ju mìlímítà 2 sí 4 lọ. FreeSurfer ní àṣẹ “-3T” tó yẹ kí ẹ lò fún àwòrán 3T, ṣùgbọ́n ebòlò ni ọ̀rọ̀ yìí, bí a ṣe lè sè é tó, yóò ṣì máa rùn ìgbẹ́.

Tó bá jẹ́ fMRI, MRI tó ń wo ọpọlọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ni, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwà òmùgọ̀ mi kejì nìyẹn: mo da ètò 1.5T kọ sórí 3T bó ṣe wà, TE (àkókò tí ẹ̀rọ fi ń dúró kó tó gba àmì) 50 ms. Apá ọpọlọ tó wà lókè ojú dúdú bí ihò, ẹ̀gbẹ́ etí náà bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú egungun imú àti ti etí ló ń da òòfà rú níbẹ̀, òòfà tó lágbára jù ló sì máa ń dà rú jù. Lórí 3T, nǹkan bí 30 ms ni wọ́n ń lò.

Ẹ má jẹ́ kí 7T wọ̀ yín lójú báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìpele inú cortex, ẹ lọ. Bí ìwọ̀n hippocampus, apá ọpọlọ tó wà fún ìrántí, lódindi ni, 3T tó yín. Lórí 7T, àwọn kan máa ń ní òòyì bí ibùsùn bá ṣe ń wọlé, ìsàlẹ̀ ọpọlọ a sì máa ṣókùnkùn. (Irin inú ara tí wọ́n ní kò léwu ní 1.5T, ẹ má rò pé ó ti gbàṣẹ fún 3T o.)

Ní báyìí, ẹ pín aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ dá sórí ẹ̀rọ méjèèjì. Bí ó bá ti bọ́, ẹ wá èèyàn díẹ̀ tó máa wọ méjèèjì. Àwa márùn-ún nínú iṣẹ́ la wọ tiwa. Ọjọ́ méjì ló wà láàárín tèmi, cortex mi sì nípọn sí i lórí 3T bí ẹni tó lọ jẹun. Bí ẹ ò bá rí èèyàn, ADNI, iṣẹ́ ìwádìí àìsàn Alzheimer ti Amẹ́ríkà, ní àwọn kan láti ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ tí wọ́n yà lórí 1.5T àti 3T. Ẹ lè tọrọ àyè láti lo dátà yẹn, kí ẹ fi dán ìlànà yín wò kí ẹ tó fọwọ́ kan tiyín.