Wọ́n gba páásípọ́ọ̀tù ọmọ wa ní Lẹ́bánónì: kí ni ìjọba lè ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajẹ́ntì kan mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Beirut, ó ní iṣẹ́ olùkọ́ ni. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló bá níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì ti gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá sá jáde, ọlọ́pàá á mú òun. Ṣé ìjọba lè gbà á sílẹ̀, àbí wọ́n á ní òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ?

Ìdáhùn: Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe lásán. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní kafala so ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ mọ́ orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Bó bá jáde láìgbàṣẹ, arúfin ló dà lójú wọn, òfin iṣẹ́ Lẹ́bánónì kò sì ka ọmọ ọ̀dọ̀ kún òṣìṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan níbẹ̀ gbé obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan sórí Facebook pé òun fẹ́ tà á ní 1,000 dọ́là. Wọ́n mú ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kafala ò kúrò ńlẹ̀.

Ẹ má tíì pe ajẹ́ntì láti halẹ̀ mọ́ ọn. Yóò pa gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lórí fóònù rẹ̀ rẹ́, ọ̀gá ọmọ náà á sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá rẹ̀ àti fọ́tò físà. Ẹ wá rísíìtì owó tí ẹ san sí àkáǹtì ajẹ́ntì. Ìyẹn ló ṣòroó sẹ́ jù nílé ẹjọ́. Ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, lórí 627, kí ẹ sì kọ̀wé sí NiDCOM, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun, àti ilé iṣẹ́ aṣojú wa ní Beirut, tó lè fún un ní ìwé ìrìnnà pàjáwìrì.

Ní ti pé òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ, òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 tó lòdì sí fífi ènìyàn ṣòwò ti dáhùn ìyẹn: níbi tí ẹ̀tàn bá wà, gbígbà tó gbà kò já mọ́ nǹkan. Ìyà ajẹ́ntì kò gbọdọ̀ dín ní ẹ̀wọ̀n ọdún 2 àti owó ìtanràn 250,000 náírà. Owó yẹn kéré púpọ̀, mo gbà. Ibi tó ti ń dun ajẹ́ntì gan-an ni kí ìjọba gba ilé àti mọ́tò tó fi òwò náà rà. Òfin kan náà gbà á láyè, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ fún ìtọ́jú àwọn tí wọ́n fi ṣòwò.

Lẹ́yìn ìpadàbọ̀ ni ẹjọ́ ti máa ń dàrú jù. Ilé ààbò NAPTIP kì í sábà gbani ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, ẹjọ́ sì lè gba ọdún. Ọmọ á padà sí àdúgbò tí àwọn ará ajẹ́ntì ń gbé, gbèsè á wà lọ́rùn ìyá rẹ̀, kò sì ní yọjú sí kóòtù mọ́. Ní Edo, ìbúra tí wọ́n mú àwọn míì ṣe kí wọ́n tó lọ ló ń dí wọn lẹ́nu tẹ́lẹ̀, títí Ọba Ewuare Kejì ti Benin fi tú u ká ní oṣù kẹta ọdún 2018. Ẹ wo bí àwọn míì ṣe ń ṣe é: láti 1998 ni òfin Ìtálì ti gbà kí ẹni tí wọ́n fi ṣòwò rí ìwé ìgbélùú oṣù 6, tó ṣeé sọ dọ̀tun, bí kò tilẹ̀ fẹjọ́ sun. Bí ara bá ti balẹ̀ tán, ẹnu á là.

Nítorí náà, bó bá ti dé, kó sinmi kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí agbẹjọ́rò sì wà níbẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà fáìlì ẹjọ́ náà, kí ẹ sì béèrè lọ́jọ́ kìíní ibi tí yóò máa gbé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 yẹn.