Ìbéèrè Yín: Prì-áńpù túùbù mi ń kùn, mo ti pààrọ̀ kàpásítọ̀, kò gbọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi to prì-áńpù kan, èyí tó ń gbé ohùn sókè kó tó dé áńpù ńlá, túùbù 12AX7 méjì ló wà nínú ẹ̀, ohùn ẹ̀ dùn gan-an, àmọ́ ó ń kùn lábẹ́lẹ̀ ṣáá, "ùùùù" báyìí, kì í dá. Tí mo bá yí fọ́lúùmù wálẹ̀ pátápátá ó máa ń dínkù ṣùgbọ́n kì í lọ tán. Wọ́n ní kàpásítọ̀ tó ń mú kí iná dúró déédéé ló ń fa irú ẹ̀, mo bá yọ 47 microfarad tó wà níbẹ̀, mo fi 100 rọ́pò ẹ̀, bákan náà ló rí. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ kọ bó ṣe ń dún síbẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé gbàrà tí áńpù bá ti ń kùn báyìí, kàpásítọ̀ ni wọ́n máa sáré lọ rà, wọn ò ní tiẹ̀ fetí sí i kí wọ́n mọ irú kíkùn tó jẹ́, ó sì máa ń dùn mí torí owó àti àkókò ló ń bá a lọ.

Oríṣi méjì ló wà. Níbi tí iná mànàmáná bá jẹ́ 50 hertz, kíkùn tó bá ń dún ní 50, wáyà híítà (èyí tó ń mú inú túùbù gbóná) ló sábà máa ń fà á, tàbí tìràǹsífọ́mà, tàbí bẹ́ ẹ ṣe so earth. Èyí tó bá ń dún ní 100, ó ti gba inú rectifier (ohun tó ń sọ iná AC di DC) kọjá nìyẹn, torí rectifier tó ń lo apá méjèèjì iná (full-wave) máa ń sọ ọ̀kan di méjì, ìyẹn lẹ lè torí ẹ̀ fura sí kàpásítọ̀. Níbi tí iná bá jẹ́ 60, 60 àti 120 ni kẹ́ ẹ máa retí. Ẹ wá ápù tó ń mú ohùn jáde sórí fóònù yín, kẹ́ ẹ fi earpiece gbọ́ ọ torí sípíkà fóònù ò lè gbé 50 jáde rárá, ẹ gbọ́ 50, ẹ gbọ́ 100, kẹ́ ẹ wá fi wé ti áńpù yín. 100 máa ń mú létí, ó sábà máa ń ní "zzz" nínú, 50 wúwo, ó sì rọ̀. "Ùùùù" tẹ́ ẹ kọ yẹn, 50 ni mo fura sí, abájọ tí kàpásítọ̀ tuntun ò fi ràn án.

Ó ku ibi tó ti ń wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti pa á tẹ́ ẹ sì ti yọ ọ́ lára iná, ẹ má tíì kiwọ́ bọ inú ẹ̀! Kàpásítọ̀ yẹn ṣì lè di bíi 300 fóòtì (volt) mú, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 100 kilo-ohm tó jẹ́ 2 watt so ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, kó tó di pé ọwọ́ wọlé, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i lẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà tó ń gbé orin wọlé kúrò. Tó bá ṣì ń kùn, ẹ pa á, ẹ fi wáyà kékeré so grid túùbù kejì mọ́ earth (ẹsẹ̀ 2 tàbí 7, èyí tí orin bá ń gbà wọlé, àfi tó bá jẹ́ pé ẹ so ó tààrà mọ́ anode (ẹsẹ̀ tí orin ń gbà jáde) túùbù tó ṣáájú, ẹ má ṣe é níyẹn), lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tàn án. Tó bá dákẹ́, ṣáájú ibẹ̀ ló ti ń wá. Tí ò bá dákẹ́, láti ibẹ̀ lọ ni. Tiyín tó ń dínkù tí kì í tán yìí, ó fi hàn pé díẹ̀ ń wọlé ṣáájú fọ́lúùmù, díẹ̀ ń wọlé lẹ́yìn ẹ̀, ohun tó sì kan túùbù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni wáyà híítà, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ.

Tó bá jẹ́ 6.3 fóòtì lẹ fi ń tan híítà, ẹsẹ̀ 4 àti 5 máa wà pa pọ̀, 9 máa dá wà, túùbù kọ̀ọ̀kan á sì máa fa 0.3 ampere. Wáyà tó ń gbé irú iná yẹn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ grid, bí ò bá kùn ló máa yà mí lẹ́nu. Ẹ lọ́ méjèèjì mọ́ra bí okùn, kó le dáadáa, látibi tìràǹsífọ́mà títí dé ẹsẹ̀ túùbù, kí wọ́n gba igun ṣásì (àpótí irin tẹ́ ẹ to gbogbo ẹ̀ sí), tí wáyà grid bá sì gbọ́dọ̀ kọjá, kó dábùú wọn ni, kó má bá wọn rìn. Lẹ́yìn ìyẹn, híítà gbọ́dọ̀ ní àárín tó lọ sí earth. Tí tìràǹsífọ́mà yín ò bá ní wáyà àárín, ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 100 ohm méjì ṣe é, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ti pàdé ni àárín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé: dípò kí àárín yẹn lọ sí earth, ẹ gbé e sórí bíi 40 fóòtì. Láti ara 300 fóòtì, rẹ̀sísítọ̀ 220 kilo-ohm lókè, 33 kilo-ohm nísàlẹ̀ títí dé earth, ibi tí méjèèjì ti pàdé lẹ ti máa rí bíi 39, kẹ́ ẹ fi kàpásítọ̀ 10 microfarad tó lè gba 100 fóòtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ 33 yẹn. Híítà náà máa ń tu electron síta díẹ̀díẹ̀ lọ sára cathode (ibi tó yẹ kí electron túùbù ti máa jáde), tí fóòtì híítà bá ti ga ju ti cathode lọ, ìtújáde yẹn á dáwọ́ dúró.

ÌBÉÈRÈ: Tí mo bá gé ẹsẹ̀ earth lára pulọ́ọ̀gì áńpù mi, kíkùn máa ń lọ. Ṣé kò séwu?

ÌDÁHÙN: Ewu ńlá ni, ẹ dá a padà lónìí. Bí wáyà kan bá já nínú ẹ̀ tó sì kan ṣásì, ara yín ló máa gba iná. Ó ti hàn pé earth áńpù àti ti ẹ̀rọ tẹ́ ẹ so mọ́ ọn ń pàdé níbi méjì. Ẹ jẹ́ kí earth pulọ́ọ̀gì wà lára ṣásì digbí, kẹ́ ẹ wá fi rẹ̀sísítọ̀ 10 ohm sáàárín ṣásì àti earth orin, kí ihò orin má sì fara kan ṣásì.