Àwọ̀ pupa inú zobo: ṣé haláàlì ni, ṣé kì í sì í ba àlúwàlá jẹ́?

Ìbéèrè: Asalaamu alaykum, Alfa. Zobo ni mo ń sè tà ní Kubwa. Ìṣápá pupa ti gbówó lórí, nítorí náà mo dín in kù, mo sì ń fi páúdà pupa dí i kó lè pọ́n. E124 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹnì kan ní kòkòrò ni wọ́n fi ṣe é. Ó tún máa ń kun ọwọ́ mi. Ṣé àlúwàlá mi pé?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam, arábìnrin. E120, ìyẹn carmine, ni ti kòkòrò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gba jíjẹ kòkòrò láàyè. Àwọn onímọ̀ tó ń tẹ̀lé ìlànà Imam Máálíkì gbà á tí wọ́n bá fi aniyan àti bisimillah pa á, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí ìyẹn nípa ti ilé iṣẹ́? Ẹ fi í sílẹ̀. E124, tí wọ́n ń pè ní Ponceau 4R, kẹ́míkà lásán ni wọ́n pò pọ̀. Kò sí ẹran tàbí kòkòrò nínú àwọ̀ náà. Oúnjẹ tí ẹ̀rí kò kọ̀, ó tọ́. Tó bá jẹ́ olómi ni, ẹ wo ara ìgò bóyá ọtí wà níbẹ̀, tàbí glycerine (E422) tó lè ti ọ̀rá ẹran wá.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kò sọ haláàlì nìkan. Nínú Suratul Baqarah, ẹsẹ 168, Ó ní ká jẹ ohun tó tọ́ tó sì dára. Ní 2009, àwọn onímọ̀ Yúróòpù dín ìwọ̀n E124 tí ènìyàn lè jẹ láìséwu kù sí mílígíráàmù 0.7 fún kílò kan ara ènìyàn lójúmọ́. Fún ọmọ kílò 20, mílígíráàmù 14 nìyẹn. Gíráàmù 1 àwọ̀ gidi nínú lítà 20 zobo ń fi nǹkan bíi mílígíráàmù 16 sínú ìgò 33cl kan. Ìgò kan ṣoṣo ti kọjá ààlà! Ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka wọ̀n ọ́n, ẹ ra òṣùwọ̀n onígíráàmù. Láti 2010 ni wọ́n ti ń kọ ìkìlọ̀ sára oúnjẹ tó ní in ní Yúróòpù, pé ó lè ṣàkóbá fún ìwà àti ìfọkànsí ọmọdé.

Àwọ̀ aṣọ àti Sudan IV tí àwọn kan ń dà sínú epo pupa kì í ṣe ti ẹnu rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ponceau S, tí wọ́n fi ń kun purotéènì ní yàrá àyẹ̀wò. Orúkọ ló jọra. Páúdà tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má rà á.

Ohun tó ká mi lára jù ni ìṣápá tí ẹ dín kù. Ẹni tó ń rà á rò pé ìṣápá ló pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ànọ́bì (s.a.w.) ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ ọlọ́jà kan, ó bá omi nísàlẹ̀, ó sì ní ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun, Imam Muslim ló gbà á wá nínú ìwé hadith rẹ̀. Haráàmù ibẹ̀ nìyẹn, bí páúdà tilẹ̀ mọ́. Ẹ dá ìṣápá padà kẹ́ ẹ fowó lé e, tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ìgò pé ẹ fi àwọ̀ sí i.

Àlúwàlá yín pé. Àwọ̀ tí kò ní ara, bíi láálì, kì í dí omi lọ́wọ́, kì í sì í ṣe nájísì. Àmọ́ tí páúdà pẹ̀lú ṣúgà bá gbẹ mọ́ abẹ́ èékánná, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.